Eyín Kan Tí Ìyá Mi Kò Yà

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Mo jókòó, mo dìde. Mo po tíì, mo gbàgbé rẹ̀ sójú fèrèsé, mo tún lọ po òmíràn. Nígbà tí ife di mẹ́ta lójú fèrèsé, ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ wa fara ti igi ìnulẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Abẹ́rẹ́, ṣé ìjàlọ ló bo àga yín ni?" Mo ní kó gbájú mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, mo bá tún dìde. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní ẹnu mi náà mú.

Iṣẹ́ mi rọrùn láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì kò tíì gbà pé iṣẹ́ ni. Àwọn ẹran kéékèèké kan gbé inú òkun láyé àtijọ́, kí ènìyàn kankan tó wà. Ìkarahun wọn jẹ́ apá méjì, tó so mọ́ra lẹ́yìn bí àpótí ṣe so mọ́ ìdérí rẹ̀. Ẹran inú rẹ̀ jẹrà, òkun fà sẹ́yìn, amọ̀ bò wọ́n, ìkarahun wá di òkúta. Èmi ni mò ń fi abẹ́rẹ́ yọ wọ́n kúrò nínú amọ̀. Mo máa wọ̀n wọ́n, mo máa kọ bí wọ́n ṣe rí, mo máa wá ìdílé wọn, mo sì máa fún èyí tí kò bá lórúkọ ní orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀yà kan sínú ìwé ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ó lè fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, tàbí ti ìyàwó rẹ̀. Kìkì orúkọ ara rẹ̀ ni kì í fi sọ ọ́, nítorí ìtìjú gbáà ni.

Ohun tó ń lé mi dìde lórí àga wà nínú àwo dígí kan lábẹ́ awò amú-nǹkan-tóbi mi. Ìkarahun kan ni, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Inú àpò amọ̀ kan tí àwọn tó ń fọ́ òkúta fi ránṣẹ́ sí wa ni mo ti rí i. Apá ọ̀tún rẹ̀ yọkùn, tòsì pẹlẹbẹ, ti pẹlẹbẹ náà sì jókòó sínú èyí tó yọkùn bí ọmọrí tó kéré ju ìkòkò lọ. Wọ́n pa ẹnu dé gbáko. Bí kò bá jẹ́ pé mo mọ apá méjèèjì dáadáa, inú mi ìbá dùn.

Mo mọ̀ wọ́n. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Òkúta, ló sọ wọ́n lórúkọ ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn. Èyí tó yọkùn, ó ní ẹ̀yà kan ni, ó fi orúkọ ìyáàlé ilé wa sọ ọ́, ìyẹn Ìyá Àgbà. Èyí tó pẹlẹbẹ, ó ní ẹ̀yà mìíràn ni, ó tilẹ̀ gbé e lọ sínú ìdílé mìíràn, ó sì fi orúkọ ìyá tó bí mi sọ ọ́. Ìyàwó méjì, ìkarahun méjì, kí ilé má baà gbóná. Ìgbì òkun ló tàn án jẹ. Bí ẹran inú bá ti kú, apá méjèèjì á já kúrò lára ara wọn, ìgbì á ṣa àwọn tó yọkùn síbì kan, á sì gbá àwọn tó pẹlẹbẹ lọ sí òdìkejì. Kò rí wọn papọ̀ rí títí tó fi kú. Àfi èmi náà, nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, ló wá rí i.

Ẹran kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ méjì. Bí orúkọ kan bá ti wà ṣáájú èkejì, èyí tó dàgbà ló ń dúró, ẹjọ́ ti parí. Àmọ́ inú ìwé kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ni bàbá mi ti sọ àwọn méjèèjì. Irú èyí náà ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọ̀kan ni wọ́n ló máa yan orúkọ tó máa dúró. Ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i padà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò tèmi kò tilẹ̀ dé ọjà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ni ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní ìlú mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni Kánjúkánjú ni mo máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí kì í pẹ́ kó tó tẹ ìwé. Ó kọ ọ́ báyìí pé: "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Mo ti rí ọ̀kan tó pa ẹnu dé. Ìwé mi máa jáde lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Orúkọ ti pẹlẹbẹ ni mo máa jẹ́ kó dúró, ó kúrú, ó sì rọrùn láti pè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni fún yín, torí náà bí ẹ bá fẹ́ ṣíwájú mi, mi ò ní bínú."

Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Ká ní ó jí i kọ ni, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ti pẹlẹbẹ ni ti ìyá mi. Bí mo bá káwọ́ gbera, tí mò ń mu tíì mi títí di ọjọ́ Ajé, orúkọ ìyá tó bí mi ni yóò dúró, ọwọ́ mi á sì mọ́. Mo lè wọ yàrá Ìyá Àgbà lọ, kí n ní, "Àwọn ará ìlú kejì ló ṣe é o, mà." Kò sí ẹni tó máa bá mi wí. Èrò yẹn dùn mọ́ mi, ó sì kó mi nírìíra, nǹkan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ.

Nítorí pé Ìyá Àgbà kò bímọ. Òun ló wẹ̀ wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà, òun ló sì lọ bá olùkọ́ tó nà mí láìnídìí jà. Síbẹ̀, ìyá mi ni gbogbo ayé ń fi orúkọ àkọ́bí pè. Òun, Ìyá Àgbà lásán ni. Orúkọ tí bàbá tó bí i sọ ọ́, àwọn tó ń pè é ti kú tán. Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí wọ́n ti ń pè é, orí ìkarahun yẹn ni.

Ìwé ilé-iṣẹ́ wa máa ń jáde ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù. Ọ̀gá mi ti fi ojú ewé mẹ́rin sílẹ̀ fún mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tán ní àárọ̀ Ọjọ́rú: gígùn, ìbú, ìlà ara, irú amọ̀ tó ti jáde. Àyè orúkọ nìkan ni mo fi sílẹ̀ lófo lókè. Ọ̀gá mi wò ó, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan péré.

"O ti wo àwọn aṣojú náà?"

Aṣojú ni ìkarahun kan ṣoṣo tí wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń sọ ẹ̀yà kan lórúkọ. Orí rẹ̀ ni orúkọ náà dúró lé títí ayé. Inú àpótí onírin ni wọ́n ń tì wọ́n mọ́, àlẹ̀mọ́ pupa kan sì wà lára àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ wa, èyí lohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ tuntun: wo aṣojú, má wo àwòrán. Ó ti di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń fi ìyẹn bá àwọn ẹlòmíràn wí. Èmi fúnra mi kò tíì ṣí àpótí méjì yẹn rí, nítorí pé ìyá mi ló ya àwòrán wọn. Òun ni ayàwòrán ilé-iṣẹ́ náà nígbà ayé bàbá mi. Bó bá ya nǹkan tán, kò sẹ́ni tó tún ń lọ wo nǹkan náà mọ́, wọ́n ní ìlà rẹ̀ kì í ṣì. Gbogbo wa la gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ gba kọ́kọ́rọ́. Mo gbé aṣojú tó yọkùn sábẹ́ awò, mo dojú inú rẹ̀ kọ iná. Níbi tí apá méjèèjì ti máa ń so mọ́ra, eyín kan dúró síbẹ̀ gbọnin, ó ń dán. Mo ṣí ìwé bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àwòrán, ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí eyín kankan níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ bàbá mi, ó kọ ọ́ gbangba pé, "Kò ní eyín." Mo gbé ti pẹlẹbẹ. Ihò kékeré kan wà níbi tí eyín náà ìbá wọ̀, ìyẹn wà nínú àwòrán dáadáa. Ẹni tó bá rí eyín lọ́tùn-ún, tó rí ihò lósì, kò nílò àlàyé kankan mọ́. Eyín kan yẹn ni kò sí tí gbogbo ayé fi gbà pé méjì ni wọ́n.

Ojú bàbá mi ti ń ṣú nígbà tó kọ ìwé yẹn. Àwòrán ìyá mi ló fi ń ríran. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ ìyá mi, tó lè ka irun lára eṣinṣin? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la ilé tí bàbá mi kọ́ sí méjì. Apá kan ni Ìyá Àgbà ń gbé, apá kejì ni ìyá mi. Èmi wà ní ìparí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níbi tí mo ti lè gbọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì. Wọn kì í jà. Ì bá sàn kí wọ́n máa jà. Láràárọ̀, ìyá mi á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ìyáàlé mi, ẹ kú àárọ̀." Ìyẹn á ní, "Ìyàwó, o ò jí bí?" Ìlẹ̀kùn méjèèjì á sì padé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú nìyẹn.

Àwòrán gan-an, èyí tí wọ́n fi yíǹkì yà, wà nínú férémù lára ògiri wọn, ti oníkálukú ní yàrá ìgbàlejò tirẹ̀. Bàbá mi ló pín in fún wọn. Mo wọ ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, mo kí i, mo sì bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ó ní.

"Eruku ló wà lára ẹ̀, mà. Mo fẹ́ nù ún."

Ó fi ojú bá mi lọ. Mo gbé e dé ibi iná, mo fi gíláàsì ọwọ́ mi wò ó. Lábẹ́ yíǹkì náà, níbi tí eyín yẹ kó wà, àmì pẹ́ńsù kan wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi èékánná ha bébà. Ó ti yà á rí, ó sì ti fi rọ́bà pa á rẹ́. Mo gbé férémù náà padà sára ògiri. Mo kọ́ ọ wíwọ́, mo sì jáde.

Ìyá mi ń ká aṣọ tó gbẹ nígbà tí mo wọlé. N kò tilẹ̀ kí i.

"Mọ́mì, eyín wà nínú ìkarahun Ìyá Àgbà."

"Ìkarahun wo?"

"Ẹ má bi mí ní ìkarahun wo."

Ó ká aṣọ kan tán, ó tún mú òmíràn, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, kò ká a. "Ọdún méjìlélógójì," ó ní. "Mo rò pé n óò ti kú kí ẹnikẹ́ni tó tú àpótí yẹn."

"Ẹ rí i, ẹ ò yà á?"

"Mo yà á. Mo pa á rẹ́." Ó jókòó sórí ibùsùn. "Jókòó, o ń kó ẹ̀rù bá mi bó o ṣe ń rìn káàkiri yìí." Mi ò jókòó. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí mo wọ ilé yìí. Kò sí ṣíbí tí mo mú tí kì í ṣe ìyáàlé mi ló ti kọ́kọ́ lò ó. Àga, ìkòkò, ọkọ, gbogbo rẹ̀. Èyí tó yọkùn ni bàbá yín kọ́kọ́ rí, ó ti ní orúkọ ìyáàlé mi ni. Kò burú. Ó wá kó ti pẹlẹbẹ dé, ó ní kí n yà á. Bí mo ṣe yà á tán ni mo rí i pé ihò inú ẹ̀, ilé eyín tọ̀hún ni. Kí n kàn pe bàbá yín ni. Àmọ́ bí mo bá pè é, ọ̀kan péré ni wọ́n, wọ́n sì ti fún ẹni tó ni ín. Mo bá mú rọ́bà."

"Ẹ parọ́ fún gbogbo ayé nítorí ìkarahun!"

"Nítorí orúkọ. O ò lè mọ̀ ọ́n. Ilé tí wọ́n bí ọ sí lò ń gbé."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni Kánjúkánjú fún un. Mo ní bí mo bá dákẹ́ títí di ọjọ́ Ajé, orúkọ tirẹ̀ ló máa dúró. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, inú ìyá mi sì dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó yára gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó tún nawọ́ sí aṣọ, àmọ́ mo ti rí i, ó sì dùn mí dé egungun. Mo jáde. Mo rìn yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹta, ajá oníṣọ̀ọ́bù kan gbó mi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹta, nígbà kẹta èmi náà pariwo mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo àyè òfo náà, mo pa á. Mo kọ orúkọ ìyá mi síbẹ̀, mo pa á rẹ́. Mo kọ ti Ìyá Àgbà, ẹ̀rù bà mí, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Tí mo bá mú tirẹ̀, wọ́n á ní mo ta ìyá mi. Tí mo bá mú ti ìyá mi, n óò máa wo ojú ìyá tó wẹ̀ mí láràárọ̀ títí ọ̀kan nínú wa á fi kú. Inú bí mi sí bàbá mi, tó wà ní sàréè rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí kò fi orúkọ ìlú tàbí ti odò sọ wọ́n bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ yọjú. "Abẹ́rẹ́, ẹ ní àlejò o. Ìyá kan ni. Ó ní òun mọ ọ̀nà."

Ìyá mi ni. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú ni kò ti fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà, ó ti fún un lára. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àga mi, ó yí awò sí ìwọ̀n ojú rẹ̀ bí ẹni tó dìde níbẹ̀ lánàá, ó ní, "Gbé e wá."

Mo gbé aṣojú tó yọkùn fún un. Ó wò ó pẹ́.

"Fún mi ní pẹ́ńsù. Èyí tó le."

"Mọ́mì, ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Ṣé mo ní kò gbọ̀n ni? Eyín kan ni. Fún mi ní pẹ́ńsù."

Ó fi wákàtí méjì yà á. Mo jókòó tì í, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìdí mi kan àga tí mi ò dìde. Ó ya etí ìkarahun, ó ya inú rẹ̀, ìlà náà ń gbọ̀n, ó sì ń tẹ̀lé e lọ. Eyín náà ló yà kẹ́yìn. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí àwọn ayàwòrán ṣe ń ṣe, ó wá ti bébà náà sí mi.

"Kọ orúkọ ìyáàlé mi."

"Ó dá yín lójú?"

"Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Bí wọ́n bá bi yín pé ọmọ ta ni yín, èmi lẹ máa dárúkọ. Ta ló máa dárúkọ òun?" Ó dìde, ó ń fa aṣọ rẹ̀ tó fún un. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó ya tàkọ́kọ́ rí eyín náà, kò sì yà á. Má fi bò mí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: má sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o ṣe é. Mi ò fẹ́ ọpẹ́ rẹ̀."

Mo ní kò burú. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti ń bá ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ wí pé abẹ́ àpótí kò mọ́.

Ìwé náà jáde ní aago mẹ́ta géérégé ọjọ́ Jímọ̀. Mo kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni Kánjúkánjú, ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ kú oríire, àǹtí mi." Mo tẹ ojú ewé àkọ́kọ́ sórí bébà, mo gbé e wálé. Ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ìlẹ̀kùn ìyá mi wà ní pípadé. Ti Ìyá Àgbà ṣí sílẹ̀, ó jókòó síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan.

Kí n tó kúnlẹ̀ kí i tán, ó ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀, àbí?"

"Kí ni, mà?"

"Ìwọ ọmọ yìí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo ti ń rìn yí ilé ká bí ẹni tó gbé nǹkan olóhun pamọ́. O wá bọ́ àwòrán mi sílẹ̀, o ní eruku lo fẹ́ nù. Ìwọ! Ta ló rí ọ kí o nu eruku rí láyé yìí?" Ó fi eyín já òwú. "Wọ́n ti rí i pé ọ̀kan ni ìkarahun méjèèjì."

Ẹnu mi kò lè pa dé. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ló máa sọ fún mi? Ta ló ń fọ̀ wọ́n? Àpò àpò ni bàbá yín ń kó wọn wálé, èmi ni mò ń jókòó ti abọ́ omi lẹ́yìnkùlé, tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ amọ̀ kúrò lára wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú èyí, ọ̀kan nínú ìyẹn, wọ́n bá ara wọn pàdé ní àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n sì pa dé. Mo dìde láti lọ pe bàbá yín. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìyàwó ni. Bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ni èkejì máa jẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti wọlé, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Mo padà sídìí omi mi. Mo dà wọ́n sínú abọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Mo ń wò ó. Nínú ilé yẹn, àfi ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pa dé, tèmi ló máa lọ," ó ní. "Ta ló máa jẹ́ kí orúkọ ẹni tí kò bímọ dúró, kó mú ti ìyá ọlọ́mọ kúrò? Nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síbi iṣẹ́ yẹn, mo kí ọ kú oríire, mo wọ yàrá lọ, ẹ̀rù ń bà mí. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kí n ti lọ kó tó ṣẹlẹ̀. Kò gbọ́. Sọ ọ́ wéré, mo ti ṣe tán."

"Tiyín ló dúró, mà."

Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ náà.

"Tèmi?"

"Tiyín ni, mà. Ó ti jáde láti aago mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè yí i mọ́."

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ìbínú ló gba ojú rẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ ṣe irú rẹ̀? Mo ní mo ti ṣe tán! Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣe tán! Ìyàwó ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ kó sọ, pé wọ́n gba ti ọwọ́ rẹ̀ fún mi?"

Mo ti ṣèlérí, mi ò lè sọ ọ́. Mo na bébà náà sí i. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, kò rí i kà. "Kà á fún mi," ó ní. Mo ka orúkọ rẹ̀ lókè ìwé. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tọ ìlà àwòrán náà lọ, láti etí ìkarahun wọ inú rẹ̀ títí dé ibi eyín.

"Ìlà yìí ń gbọ̀n," ó ní. "Ta ló yà á?"

Ó wo ojú mi, ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ó gbé ẹ̀wù kúrò lórí itan, ó di àga mú, ó dìde, ó lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ìlẹ̀kùn tó wà ní pípadé.

Kò pè é ní ìyàwó. Orúkọ ìyá mi ló pè, orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí mo ti mú kúrò lórí ìkarahun ní aago mẹ́ta. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi gbé ilé yẹn, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá mi tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.